Lẹ́yìn "Àmín", Kí Ló Ṣẹlẹ̀? Èrò Mi Lórí Ìwé Mẹ́ta Tí Mo Kà Láìpẹ́

Bí a bá wọ yàrá ìkàwé ọ̀pọ̀ nínú àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run, irú ìwé tí a ó bá níbẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: Bíbélì ní oríṣiríṣi ìtumọ̀, ìwé atọ́ka Bíbélì, ìwé àdúrà, ìlapa ìwàásù, àti ìtàn ìgbésí ayé àwọn akọni ìgbàgbọ́. Ìwé wọ̀nyí dára, kò sì sí òjíṣẹ́ tó yẹ kó ṣe aláìní wọn. Ṣùgbọ́n òjíṣẹ́ ló kọ wọ́n, òjíṣẹ́ náà ló sì ń kà wọ́n. Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ìwé tó sọ ohun tó bá ẹni tí a gbàdúrà fún lẹ́yìn tí a ti ṣe "Àmín", tí a sì ti pe ẹlòmíràn wọlé.

Ní àwọn oṣù tó kọjá yìí, mo ka ìwé mẹ́ta tí kò sí èyí tí wọ́n kọ láti gbé ìjọ ró nínú wọn. Èkínní ni Stay With Me, ìtàn àròsọ tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ tẹ̀ jáde ní 2017. Èkejì ni The Trials of Brother Jero, eré orí ìtàgé tí Wọlé Ṣóyínká kọ, tí wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe ní 1960. Ẹ̀kẹta kì í ṣe àròsọ rárá: Religious Encounter and the Making of the Yoruba ni, tí J. D. Y. Peel, onímọ̀ nípa àwùjọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 2000. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé wa ni wọ́n ń sọ. Mo fẹ́ sọ èrò ọkàn mi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti gba ìyàsímímọ́, nítorí ìbéèrè kan náà ni mo gbọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹni náà lẹ́yìn àdúrà?

Obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè

Iléṣà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn Adébáyọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Yéjídé, onídìrí tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, àti Akin ọkọ rẹ̀ ti gbé pọ̀ fún ọdún bíi mélòó kan láìbímọ. Ní 1985, àwọn ẹbí ọkọ mú ìyàwó kejì, Fúnmi, wọlé tọ̀ ọ́ wá. Nínú ìbẹ̀rù pé wọn yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò òun, Yéjídé gun òkè lọ bá wòlíì kan tí wọ́n ń pè ní Josiah. Wọ́n ní kó mú ewúrẹ́ funfun wá. Wọ́n jó, wọ́n kọrin, títí ewúrẹ́ fi di ọmọ lójú rẹ̀, tó sì fún un lọ́mú. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó gbà pé òun ti lóyún. Ikùn rẹ̀ ń wú, àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn sọ pé kò sí nǹkankan níbẹ̀, oṣù mẹ́sàn-án kọjá, síbẹ̀ kò gbà. Ní gbogbo àkókò yìí, ọkọ rẹ̀ mọ ohun tí òun kò mọ̀: ara Akin ni kò lè ṣe ojúṣe ọkọ. Dípò kó jẹ́wọ́ fún aya rẹ̀, ó lọ bá Dọ̀tun àbúrò rẹ̀ pé kó wá sún mọ́ ìyàwó òun kí ọmọ lè wà nínú ilé.

Ó rọrùn fún òjíṣẹ́ tó bá ka ìwé yìí láti bínú sí Josiah, kó sì tẹ̀ síwájú. Yóò ní, "Wòlíì èké nìyẹn, kò sí irú rẹ̀ nínú ìjọ tiwa." Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni a ti máa ń ṣi ìwé yìí kà. Ojú ewé díẹ̀ ni Josiah lò, ó sì lọ. Ilé ni ìṣòro wà. Gbogbo ènìyàn ló ní ohun kan láti fún Yéjídé: ìyá ọkọ ní ìmọ̀ràn, àwọn àgbà ní ìyàwó kejì, wòlíì ní ewúrẹ́. Kò sí ẹnìkan tó fi í jókòó kó bi í bí ìgbéyàwó rẹ̀ ti rí gan-an, kò sì sí ẹnìkan tó pe Akin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bí mo ti ń kà á ni ọkàn mi ń lọ sọ́dọ̀ Élì nínú 1 Sámúẹ́lì orí kìíní. Élì pẹ̀lú ṣi Hánà rí. Ètè rẹ̀ tó ń mì ló wò, ó sì kà á sí ọ̀mùtí. Ṣùgbọ́n Élì ní ìwà kan tí Josiah kò ní: nígbà tí obìnrin náà fèsì, ó gbọ́, ó yí ohùn rẹ̀ padà, ó sì súre fún un. Ẹ tún kíyè sí i pé ìbànújẹ́ Hánà ni Hánà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Àlùfáà kọ́ ló sọ fún un ohun tó ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí á wo àdúrà tiwa fún àwọn tó ń retí èso inú. Àwọn wo ló máa ń dìde dúró? Obìnrin ni. Ọkọ wọn yóò jókòó, yóò máa pàtẹ́wọ́, bí ẹni pé aya nìkan ló ń bímọ. A mọ̀ dájú pé àìrọ́mọbí lè ti ọ̀dọ̀ ọkùnrin wá, ó lè ti ọ̀dọ̀ obìnrin wá, ó sì lè ti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Nígbà tí a bá gbàdúrà fún ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn, a ti dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ ọ. Bí ìwé yìí bá lè mú kí pásítọ̀ kan ṣoṣo sọ pé, "Ẹ̀yin ọkọ, ẹ dìde pẹ̀lú wọn, kí ẹ sì jọ lọ ṣe àyẹ̀wò," ó ti san owó tí a fi rà á padà.

Ohun kejì tí ìwé náà fi kọ́ mi jẹ mọ́ àìsàn sickle cell, tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Yéjídé padà bímọ, ṣùgbọ́n ikú ń mú wọn lọ. A fún ọmọ tó kẹ́yìn ní Rótìmí, irú orúkọ tí a ń fún ọmọ tí a bẹ̀rù pé yóò tún lọ. Bí ìyá àti bàbá bá jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní pé oyún kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ SS. Àwọn bàbá wa kò mọ èyí. Àbíkú ni wọ́n pè é, wọ́n sì fi àpá sí òkú ọmọ lára. Lónìí ọ̀pọ̀ ìjọ ló ń béèrè ìwé jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó so ọkọ àti ìyàwó pọ̀, mo sì yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìtàn yìí ti mú ọgbọ́n wa wò: nígbà tí bàbá tó wà lórí ìwé kọ́ ni bàbá tó bí ọmọ, ìwé jẹ́nótáìpù tó dára jù lọ kò lè gba ọmọ náà là. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ òtítọ́ fún wa. Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe ìgbaniníyànjú ṣáájú ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí ọkùnrin yóò fi lè sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ojú yóò tì í kú.

Mo ní ẹ̀sùn sí ìwé náà. Àṣírí inú rẹ̀ pọ̀ jù. Bí ọ̀kan ti ń tú ni òmíràn ń dé, títí ó fi dà bíi pé òǹkọ̀wé kò fẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ mí. Òkè wòlíì náà jọ ẹ̀fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn gidi ti ń gbàdúrà lọ. Iléṣà kan náà ni Òkè-Oòyè wà, níbi tí ìsọjí tí Ọlọ́run lo Joseph Ayọ̀ Babalọlá fún ti bẹ́ sílẹ̀ ní 1930. Òǹkọ̀wé kò jẹ wá ní gbèsè ìyìn. Síbẹ̀, nínú ìlú bẹ́ẹ̀, mo retí pé Yéjídé yóò rí ìyá ìjọ kan, ẹyọ kan péré, tí yóò bá a jókòó sọkún láìmú ewúrẹ́ lọ́wọ́. N kò rí i. Ó sì dùn mí ju ẹ̀fẹ̀ orí òkè lọ, nítorí ó ṣeé ṣe kí Yéjídé gidi pọ̀ tí wọn kò rí i pẹ̀lú.

Jeró àti Chume

Eré Ṣóyínká kúrú. Ènìyàn lè kà á tán láàárín ọ̀sán kan. Jeró jẹ́ wòlíì etíkun Bar Beach ní Èkó. Ó ní ọmọlẹ́yìn kan, Chume, òjíṣẹ́ ọ́fíìsì kékeré kan tí Amope aya rẹ̀ ń fi ẹnu gún lójoojúmọ́. Lójoojúmọ́ ni Chume ń tọrọ àyè lọ́wọ́ wòlíì pé kí òun na aya òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lójoojúmọ́ sì ni wòlíì ń sọ pé rárá. Láìpẹ́, Jeró rí i pé Amope yìí gan-an ni olówó tó ń dùn mọ́ òun nítorí aṣọ àràn tí òun rà láwìn. Lọ́jọ́ náà, àyè dé: Ọlọ́run ti gbà kó na aya rẹ̀.

Mo mọ àwọn òjíṣẹ́ tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ eré yìí. Wọ́n ní Ṣóyínká kórìíra ìjọ, ó sì fi àwọn oníwàásù ṣe ẹlẹ́yà. Mo gbà pé kò sí onígbàgbọ́ kan tó dúró ṣinṣin nínú eré náà, mo sì kà á sí àléébù: ibi tí kò bá sí owó gidi, ayédèrú náà kò lè tàn wá dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi ìbínú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí á wo ìmọ̀ràn tí Jeró ń fún Chume. "Má ṣe na aya rẹ." Ta ni nínú wa tí yóò sọ pé ìmọ̀ràn yìí kò dára? Ìdí rẹ̀ ló bàjẹ́. Jeró mọ̀ pé bí Chume bá rí ohun tó ń fẹ́ gbà, kò ní padà wá sétíkun mọ́. Ó fẹ́ kó máa wà nínú àìní. Nítorí náà ni ìmọ̀ràn náà fi lè yí padà ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí èrè wòlíì yí padà.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ nìyí, ó sì le: ẹ̀kọ́ tó tọ̀nà lórí ahọ́n wa kò tíì fi hàn pé olùṣọ́ àgùntàn ni wá. Ó yẹ kí á máa bi ara wa bóyá inú wa máa ń dùn nígbà tí ẹni tí a ń bójú tó bá dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí kò nílò wa lójoojúmọ́ mọ́. Òjíṣẹ́ tí ọmọ ìjọ rẹ̀ kò lè ra ilẹ̀, kò lè rìnrìn àjò, kò lè gba ọmọ rẹ̀ níyànjú láìkọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láago, ìtọ́jú ló pè é, ṣùgbọ́n Jeró yóò dá irú ìtọ́jú náà mọ̀. Ní ti aya tí ọkọ ń lù, ọ̀rọ̀ ààbò rẹ̀ kò gbọdọ̀ rọ̀ mọ́ bí ọkọ ti ń san ìdámẹ́wàá sí.

Ìran kan tún wà tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì. Jeró sáré tẹ̀lé obìnrin kan lọ, ó sì fi ìjọ sílẹ̀ fún Chume. Ẹ̀rù ba Chume lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹnu rẹ̀ là, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà ní èdè ojú pópó tó mọ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run kí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lónìí di ẹni tó ń wa ọkọ̀ lọ́la. Ìjọ gbóná ju ti ìgbà tí wòlíì wà níbẹ̀ lọ. Àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Èmi rí ọkùnrin tálákà kan tó ń sọ ohun tó jẹ ẹ́ lógún fún Ọlọ́run láìfi bò. A lè sọ pé àdúrà rẹ̀ kò ga ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ, a ó sì jàre. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ ní èyí tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ìgbẹ̀yìn Chume ni pé wòlíì rẹ̀ ṣètò kí wọ́n gbé e lọ sí ilé àwọn wèrè, nítorí pé ó ti mọ òtítọ́. Nínú eré tó kún fún ẹ̀rín, èyí kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀

Ìwé Peel ló gba àsìkò mi jù. Ó lé ní 400 ojú ìwé, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì wúwo. Orísun rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ àti lẹ́tà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ CMS ní ilẹ̀ Yorùbá kọ ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, àwọn kan nínú wọn sì ti Sàró padà bọ̀ wálé. James White wà nínú wọn, ẹni tó lo ọdún pípẹ́ ní Ọ̀tà; Daniel Olúbí ti Ìbàdàn wà níbẹ̀; Samuel Johnson pẹ̀lú, ẹni tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tó sì kú ní 1901, ogún ọdún kí ìwé náà tó jáde ní 1921.

Ohun tó jọ mí lójú ni pé wọ́n kọ ìkùnà sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn wàásù lójà, àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n sì lọ. Wọ́n kọ ohun tí babaláwo fi dá wọn lóhùn, nígbà mìíràn ìdáhùn tó dára ju ìwàásù wọn lọ. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ènìyàn ń béèrè ọmọ, ìlera, àlàáfíà àti ìgbàlà lọ́wọ́ ogun, nígbà tí àwọn ń wàásù ọ̀run àti ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀. Peel fi hàn pé ìyàtọ̀ yìí kò lọ bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ka ìwé rẹ̀ mìíràn, Aladura, tó jáde ní 1968, yóò rí bí ìbéèrè kan náà ti bí àwọn ìjọ aládùúrà. Èmi ní tèmi gbà pé àwa Pẹ́ńtíkọ́sì jẹ́ ọmọ ìbéèrè yẹn pẹ̀lú. A dáhùn pé Ọlọ́run bìkítà fún inú tó ń sunkún ọmọ àti fún àpò tó ṣófo, a sì dáhùn dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá CMS kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìdáhùn tiwọn sílẹ̀. Àwa ńkọ́? A ní fídíò ẹ̀rí. A kì í sábà ní àkọsílẹ̀ ẹni tí a gbàdúrà fún tí ẹ̀rí kò dé.

Níhìn-ín ni mo ti yapa sí Peel. Onímọ̀ àwùjọ ni, ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn láìkẹ́gàn ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tó kà sí okùnfà, kò fi àyè sílẹ̀ fún Ẹ̀mí Mímọ́ láti ṣe ohunkóhun. Ogun, òwò, ìwé kíkà, ọ̀làjú, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́. Ọlọ́run tí àwọn ènìyàn inú ìwé náà ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ni kò ṣe nǹkankan. N kò retí kó wàásù. Mo kàn ń sọ fún ẹni tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kó má ṣe ka èyí sí ìtàn ìjọ tó pé. Àléébù kejì: ohùn àwọn obìnrin àti àwọn ẹrú tó kọ́kọ́ gbàgbọ́ ń dé ọ̀dọ̀ wa láti inú kálámù ẹlòmíràn. A ń gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni.

Ṣé ó yẹ kí òjíṣẹ́ máa ka àròsọ?

Àwọn kan yóò tọ́ka sí Fílípì 4:8 fún mi, pé ohun mímọ́ ni kí á máa gbèrò. Òótọ́ ni pé ìwé Adébáyọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ibùsùn, ẹni tó bá mọ̀ pé irú rẹ̀ máa ń di ìdẹwò fún òun kí ó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ kò fi Onídàájọ́ orí kọkàndínlógún pamọ́ fún wa, kò sì fi aṣọ bo ọ̀rọ̀ Bátíṣébà. Ìgbà tí Nátánì sì fẹ́ bá Dáfídì sọ̀rọ̀ nínú 2 Sámúẹ́lì orí kejìlá, kí ló mú lọ? Ìtàn tálákà kan àti ọ̀dọ́ àgùntàn rẹ̀, ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀sùn ló kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ọba ìbá wá àwíjàre. Nítorí pé ìtàn ẹlòmíràn ló gbọ́, ó dá ẹjọ́ òdodo kó tó mọ̀ pé ẹjọ́ ara rẹ̀ ni. Ohun tí Stay With Me àti Brother Jero ṣe fún mi nìyẹn: mo ti dá ẹjọ́ tán lórí Josiah àti Jeró kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí wo ibi tí àwa náà dúró.

Bí ẹ bá bi mí èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, ti Adébáyọ̀ ni, kí ọkọ àti aya sì jọ kà á bó bá ṣeé ṣe. Ti Ṣóyínká, ẹ kà á láàárín ẹgbẹ́ yín, kí ẹ bi ara yín bóyá ẹ ń fẹ́ kí Chume kúrò nínú àìní. Ti Peel, ẹ mú sùúrù, ẹ má ṣe fo ibi tí àwọn babaláwo ti ń sọ̀rọ̀.

Mo ní ìmọ̀ràn kan fún ẹ̀yin tí ẹ ó gba ìjọ láìpẹ́. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ ó máa tì pa mọ́. Kọ ọjọ́ tí o gbàdúrà fún ẹnìkan, kọ ohun tó sọ pé ó ń ṣe òun, ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kọ ohun tí ìwọ sọ fún un pé Olúwa wí, bí o bá sọ bẹ́ẹ̀. Fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lọ bẹ̀ ẹ́ wò, kí o sì kọ ohun tí o bá níbẹ̀. Diutarónómì 18:22 ti fún wa ní ìdí rẹ̀ tipẹ́: ọ̀rọ̀ tí a sọ lórúkọ Olúwa ní ọjọ́ ìyẹ̀wò. James White kọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó rí nígbà mìíràn kò dùn láti kọ.